Michelin àbí táyà olówó pọ́ọ́kú: mo ti fi méjèèjì rin Ìbàdàn sí Èkó

Corolla 2006 ni mo ń wà, Ìbàdàn ni mo ń gbé, iṣẹ́ sì ń gbé mi lọ sí Èkó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta. Láàárín ọdún mélòó kan yìí, oríṣi táyà mẹ́ta ló ti wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn: tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá, tuntun ti Ṣáínà olówó pọ́ọ́kú, àti Michelin tuntun. Torí náà ẹnu mi gbà á láti sọ̀rọ̀, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ tèmi. Ní 2022, owó táyà tuntun ò sí lọ́wọ́, mo wá ń gbọ́n lójú ara mi pé dípò kí n ra táyà tí n ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ṣebí kí n kúkú ra tòkunbọ̀ tó jẹ́ orúkọ ńlá. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi fọwọ́ lù ú gbà-gbà, ó ní "Ọ̀gá mi, ti Jámánì nìyí o, tuntun Ṣáínà wo ló fẹ́ bá èyí jà?" Táyà náà ń dán gbinrin, ìlà ojú ẹ̀ ṣì jìn, mo sanwó, mo tiẹ̀ tún fún un lówó omi. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, lọ́sàn-án gangan, mi ò tíì dé Ògèrè, mo kàn gbọ́ gbòà! lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò tẹ búréèkì, mo di sítíárìn mú ṣinṣin, mo yẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo jẹ́ kó fúnra ẹ̀ rọlẹ̀ títí mo fi rọra fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ojú táyà ti bó kúrò lára ẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, wáyà ń yọ síta gátagàta. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ tí mo wo ohun tó yẹ kí n ti wò ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 1513. Ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo lọ fowó rà!

Èmi ò dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é torí kì í ṣe ẹ̀bi wọn, wọ́n ti ṣe tiwọn lọ́hùn-ún, ẹni tó ni ín ti lò ó tán kó tó jù ú nù. Rọ́bà ń gbó bó tiẹ̀ wà nílẹ̀ láì rìn. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, á máa sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí ojú táyà ti lẹ̀ mọ́ wáyà inú á máa tú díẹ̀díẹ̀, o ò ní rí i níta. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kùn ún ló ń bo gbogbo ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi irin gbígbóná gbẹ́ ìlà tuntun sójú èyí tó ti jẹ tán. Àwọn SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ní ọdún mẹ́rin péré ni táyà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù náà ò sì fàyè gba kéèyàn máa kó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọ̀lú, àmọ́ gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo yáwó ra ti Ṣáínà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára ni 195/65R15 91H. Owó Michelin kan ṣoṣo nígbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mẹ́ta nínú ẹ̀, ẹ wá rò ó wò. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: kò bẹ́ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ìlú, Challenge sí Mọ̀kọ́lá, Mọ̀kọ́lá sí Ojóò, kò sí wàhálà kankan, bó bá ṣe gọ́sílóò láàárọ̀ tiẹ̀ ni, ta ló fẹ́ mọ irú táyà tó o wọ̀? 91 tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì túmọ̀ sí pé ẹyọ kan lè gbé 615 kílò, H ní kó má kọjá 210 kìlómítà ní wákàtí kan, èwo ni tèmi nínú ẹ̀ nígbà tí Corolla mi ò tiẹ̀ lè sá tó bẹ́ẹ̀ láéláé.

Wàhálà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní márosẹ̀. Àkọ́kọ́, ariwo. Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ dé 100, á máa hun hùùù bí ẹni tó ń lọ ata ní kọ̀rọ̀, ìyàwó mi á ní kí n tan rédíò sókè. Ìyẹn ò pa èèyàn. Òjò ló jẹ́ kí n mọ̀ pé owó tí mo fi pamọ́, ibì kan ni mo ti yọ ọ́. Òjò alẹ́ kan báyìí, ní Mọ̀wé, dánfó kan kàn ya wọ iwájú mi láìtan tráfíkétọ̀, mo tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ABS, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há téèyàn bá tẹ búréèkì pa, ń ṣe gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọkọ̀ ṣì ń lọ ní tiẹ̀ bíi pé ó ń yọ̀ lórí ọṣẹ, ìgbà tó máa fi dúró, mo lè na ọwọ́ kan bọ́ńpà dánfó yẹn. Kọ́ńdọ́ tiẹ̀ tún bú mi. Ibi tí ìyàtọ̀ owó wà gan-an nìyẹn, kì í ṣe lára dídán tàbí orúkọ. Àwọn olówó ńlá yẹn máa ń po nǹkan kan tó ń jẹ́ silica mọ́ rọ́bà ojú táyà, òun ló ń jẹ́ kó dì mọ́ ilẹ̀ tútù, wọ́n sì ń ya ìlà ẹ̀ lọ́nà tí omi á fi rí ibi sá gbà. Táyà tí ò bá lè lé omi kúrò lábẹ́ ara ẹ̀, orí omi ló máa gùn, sítíárìn á kàn fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹ bíi pé kò so mọ́ nǹkan kan.

Kó tó pé ọdún kan àtààbọ̀, ìlà ẹ̀ ti bá àwọn okìtì kéékèèké tó wà nínú kòtò ìlà dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá wo inú ìlà táyà yín dáadáa, ẹ máa rí wọn, nǹkan bíi mílímítà kan àti díẹ̀, 1.6 lójú ìwé, tí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, ó ti parí nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀bi tèmi náà wà nínú ẹ̀ o, torí mi ò ṣe alàìnmẹ́ǹtì, kí wọ́n tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò kó dọ́gba, lẹ́yìn tí mo já sí kòtò kan, mo sì ń jẹ́ kí fọkanáísà fi ojú wọn afẹ́fẹ́. Baba á fẹ́ ẹ, á fi sípáná gbá a, kó! kó!, á ní ó ti tó. Ọjọ́ tí mo ra géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, PSI 42 ni mo bá nínú ọ̀kan, 24 nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ 30 ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn Corolla mi. Èyí tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò tó yẹn ló ń pààyàn jù ní márosẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ á máa nà bó ṣe ń yí, ìyẹn ló ń mú un gbóná títí á fi bẹ́. Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, tó bá ti gbóná irọ́ ni géèjì máa pa fún yín.

Nígbà tí owó díẹ̀ wọlé lọ́dún tó kọjá, mo ra Michelin Energy XM2+ méjì, méjì péré, torí mẹ́rin á ti jẹ owó iléèwé ọmọ. Thailand ni wọ́n kọ sí i lára. Ó dùn mí díẹ̀ nígbà tí mo rí i, torí nígbà tá a wà lọ́mọdé Port Harcourt ni Michelin ti ń ṣe táyà, Dunlop náà ń ṣe tiwọn ní Ìkẹjà, kí ti àkọ́kọ́ tó kógbá sílé ní 2007 tí èkejì tẹ̀ lé e ní 2008. Ká ṣì ń ṣe é nílé ni, bóyá owó ẹ̀ ò ní máa bá dọ́là jó. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Èmi àti baba fọkanáísà àdúgbò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lọ́jọ́ tí mo gbé e débẹ̀. Mo ní kó fi tuntun méjì sẹ́yìn, baba ní "Alàgbà, iwájú ló ń wa ọkọ̀ yín, iwájú ló ń yà, ẹ wá fẹ́ gbé táyà olówó iyebíye sẹ́yìn bí ẹni gbé agbádá wọ ọmọ ọ̀dọ̀?" Mo ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ á kàn fẹ́ máa lọ tààrà, o máa mọ̀ ọ́n lára, wàá yẹsẹ̀, á dáhùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló yọ̀, ìdí ọkọ̀ á yí wá síwájú kó o tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo sì ti tọ́ ìyẹn wò ní Ògèrè. Ó ṣe é bí mo ṣe wí, àmọ́ ó ń mi orí títí mo fi lọ.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ìyàtọ̀ wà, mi ò ní fi ṣàwàdà. Ariwo ẹ̀yìn lọ sílẹ̀ débi pé mo wá ń gbọ́ nǹkan míì tó ń dún nínú ọkọ̀ tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ (búṣìn ni, ìnáwó míì). Nínú òjò, ìdí ọkọ̀ ò jó mọ́. Ìlà ẹ̀ ṣì ga dáadáa, bó sì ṣe ń jẹ lọ yìí, ó ń jọ pé á lo ìlọ́po méjì ọjọ́ ti àkọ́kọ́. Owó ẹ̀ ṣì jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta o, torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé olówó ńlá ló dín owó kù tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ẹ ní kó wá bá mi ṣe é. Kì í ṣe owó lẹ máa jèrè níbẹ̀. Mítà mélòó kan tí ọkọ̀ máa fi tètè dúró nínú òjò lẹ ń rà. Ẹni tí kì í kúrò láàárín ìlú, tí kì í sáré kọjá 60, kó ra tuntun olówó pọ́ọ́kú tó lọ́jọ́ orí kékeré, kó ra géèjì sí i, kó gbàgbé Michelin jàre. Ẹni tó ń rin márosẹ̀ bíi tèmi, kó ni ara ẹ̀ lára kó ra Michelin. Tòkunbọ̀ ni mi ò ní fọwọ́ sí fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ti ọba.

Nǹkan kan tún wà, táyà tuntun gan-an ní ẹ̀bi tiẹ̀. Àwọn tó ń kó o wọ̀lú máa ń ki táyà mẹ́ta mẹ́rin bọ inú ara wọn kó lè gba àyè díẹ̀ nínú kọ̀ńténà, SON ti mú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀. Èyí tí wọ́n fún mọ́ inú yẹn, wáyà inú ẹ̀ ti lè tẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa etí ẹ̀ níbi tó ti ń jókòó sórí rímù, tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ká, tó sán, tàbí tó wú, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún DOT, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin yẹn máa ń wà lára ọ̀pọ̀ táyà, tí wọ́n bá ti dojú ẹ̀ kọ inú tí wọ́n fi wọ ọkọ̀, àfi kó o wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yà lọ́dọ̀ baba láti fẹ́ táyà, ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn han òun. Mo fi hàn án lára tèmi. Micra táksí kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ lẹ pọ́ńṣà, baba gba fóònù mi, ó tan iná ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò. 2211. Ó wò mí, ó wo dẹ́rẹ́bà, ó ní "Ìgbà wo lẹ gbé ìyàwó, ọ̀gá?" Dẹ́rẹ́bà ní 2014. Baba ní "Táyà yín ló yẹ kó wá ṣe alága ìdúró."