Àpótí Oníyàrá Márùn-ún fún Kíkọ́ Èdè Faransé: Ohun tí Ojú Mi Rí Lọ́dún Kan

Káàdì 240 ni mo fọwọ́ ara mi kọ kí sáà àkọ́kọ́ tó wọlé. Mo lè sọ báyìí pé iṣẹ́ àṣedànù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àpótí náà dára o. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n lò.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, àpótí gbọọrọ kan ni, tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá márùn-ún. Ìbéèrè wà lójú káàdì, ìdáhùn wà lẹ́yìn. Yàrá kìíní ni gbogbo káàdì tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà á, káàdì á sún sí yàrá tó tẹ̀ lé e. Bó bá ṣì í, ó di yàrá kìíní padà, ìbáà jẹ́ yàrá kẹrin ló ti ń bọ̀. Yàrá kìíní là ń tú wò ní gbogbo ìgbà. Bí yàrá ṣe ń jìnnà sí i la ṣe ń jẹ́ kó pẹ́ ká tó tún kàn án. Sebastian Leitner, akọ̀ròyìn kan tó ń kọ̀wé lédè Jámánì, ló gbé ọ̀nà yìí jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1972. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un ṣiṣẹ́ ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, tó sì ń yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí, lẹ́yìn ọjọ́, láti mọ iye tó ṣẹ́ kù. Kíá ni èyí tó pọ̀ jù máa ń sá lọ, ìyókù á sì máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Tí a bá ká ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde, yóò pẹ́ kó tó tún gbìyànjú.

Mo ra àpótí kan fún ara mi, àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ ní Faransé sì fi páálí bàtà ṣe tiwọn. Èyí tí mo rà lẹ́wà, àmọ́ kí oṣù kan tó pé, méjì nínú páálí tó pín yàrá ti já. Ti àwọn ọmọ ṣì wà lódindi títí di òní. Ẹ má nawó sí i.

Àṣìṣe tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan ni mo kọ sórí gbogbo káàdì mi. *Clé*, kọ́kọ́rọ́. *Fenêtre*, fèrèsé. Àwọn ọmọ ń gbà á wàrà wàrà. Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì, yàrá karùn-ún ti ń kún, inú mi sì ń dùn. Mo tiẹ̀ ti ń fọwọ́ sọ̀yà níwájú àwọn tíṣà yòókù.

Lọ́jọ́ kan mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì. Mo ní kí ọmọbìnrin kan tó wà níwájú bi mí léèrè lédè Faransé bóyá kọ́kọ́rọ́ mi ni mò ń wá. Ọmọ yìí mọ̀wé dáadáa; káàdì kọ́kọ́rọ́ ti dé yàrá karùn-ún nínú àpótí rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Clé." Mo dúró. Ó tún un sọ, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Clé?" Ṣé *le* ni àbí *la*? Kò mọ̀. Báwo la ṣe ń sọ pé "ẹ ń wá"? Ó wojú mi, mo wojú rẹ̀. Káàdì ti ṣe ohun tí mo rán an. Mo rán an ní ọ̀rọ̀, ó mú ọ̀rọ̀ wá.

Bí sáà kejì ṣe wọlé ni mo palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń kọ káàdì báyìí, èmi kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọnú àpótí ni. Gbólóhùn odidi ló ń wà níbẹ̀: Yorùbá lójú, Faransé lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ abo, ìyẹn èyí tó ń gba *la*, bírò pupa. Tó bá jẹ́ akọ, tó ń gba *le*, bírò búlúù. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí jọ eré ọmọdé, àmọ́ òun ló jẹ́ kí wọ́n dẹ́kun ṣíṣi *le livre*, tó jẹ́ ìwé, mú fún *la livre*, tó jẹ́ owó pọ́n-ùn. Mo bi ọmọ kan bó ṣe mọ̀, ó ní òun máa ń rí pupa yẹn lójú òun kí òun tó lanu.

Ibi tí Yorùbá ojú káàdì ti ṣe mí lóore jù nìyí. Ọmọkùnrin kan fẹ́ kọ "àárò rẹ ń sọ mí". Ó kọ *Je manque toi*. Mo mọ ibi tó gbà wá: ó kọ́kọ́ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ó wá tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì.

"Nínú Yorùbá tó o kọ yìí, ṣé ìwọ lo ń ṣe nǹkan?"

"Rárá, Tíṣà. Àárò ni."

"Ta ló ń ṣe é fún?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Faransé náà ò fi ẹ́ ṣe olùṣe. *Tu me manques*. *Tu* ló wà níwájú, *me* ni ọ̀rọ̀ bá. Ibo lo wà nínú Yorùbá?"

Ó tún káàdì wò. "Ẹ̀yìn. *Mí*." Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé wọ́n jí i lọ́wọ́ wa ni?"

Káàdì yẹn kò padà sí yàrá kìíní mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà, mo fòfin de Gẹ̀ẹ́sì lójú káàdì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni Yorùbá àti Faransé máa ń bá ara wọn mu o, àmọ́ bí ọmọ bá mọ̀ pé èdè méjì ni òun ń wọ̀n wò, tí kò kó ẹ̀kẹta sáàárín, ojú ọ̀nà á mọ́ sí i.

Ìyọnu kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wa: ìyànjẹ tí ọmọ ń yan ara rẹ̀ jẹ. Á wo ojú káàdì, ọwọ́ á ti yí i padà, á rí ìdáhùn, á ní "mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀", káàdì á sún síwájú. Kò purọ́, ó dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ojú rí nǹkan kó ní òun mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ẹnu fa á jáde. Mo wá pín wọn ní méjì-méjì: ẹnìkejì rẹ ló ń di káàdì rẹ mú, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta kó tó yí i padà. Kíláàsì wá ń pariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ọ̀gá ilé-ìwé yọjú wò wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ti àkókò kò le. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni kíláàsì mi ń pàdé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ sì ni ti àpótí. Yàrá kìíní ní gbogbo ìpàdé, ìkejì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìkẹta ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìkẹrin lóṣooṣù, ìkarùn-ún nígbà tí sáà bá ń parí. Káàdì tuntun kò gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ lójúmọ́. Nígbà kan tí mo jẹ́ kí wọ́n kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yàrá kìíní nípọn débi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tó kàn án, ó sì gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó san gbèsè yẹn. Òfin "padà sí yàrá kìíní" náà, mo ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: káàdì tó bá ṣubú ní yàrá kẹrin, mò ń dá a padà sí ìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé Leitner bó ṣe wí lè bínú sí mi.

Ohun tí àpótí kò lè ṣe ni kó sọ̀rọ̀. Káàdì ya odi. *Bon* kò dà wá láàmú, torí *ọn* wa nìyẹn gan-an. Àmọ́ *u* tó wà nínú *rue*, tó jẹ́ òpópónà, kò sí nínú Yorùbá. Ọmọ á pè é bíi *roue*, ẹsẹ̀ ọkọ̀, káàdì ò sì ní í já a. Ohun tí mò ń ṣe ni pé kí wọ́n pe *í*, kí wọ́n má yí ahọ́n padà, kí wọ́n kàn sún ètè jọ bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Gbogbo kíláàsì á pe ọ̀rọ̀ náà kí káàdì rẹ̀ tó wọ àpótí.

Níbi ohùn yìí ni fóònù ti borí. Anki, áàpù káàdì tó ń ṣe irú iṣẹ́ àpótí yìí, tó ti wà láti 2006, máa ń ka ọjọ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè gba ohùn sínú káàdì. Àgbàlagbà tó ń dá kẹ́kọ̀ọ́, òun ni màá ní kó lò. Fún ọmọ ilé-ìwé tó jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀, páálí ni tèmi. Bírò tó fi kọ ọ́ ti kọ́ ọ ní ìdajì kí káàdì tó wọ yàrá kankan.

Àpótí tí mo rà ńkọ́? Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ páálí tó já, mo sì ti ń fi í kọ́ èdè Jámánì fúnra mi. Ṣíbí jẹ́ akọ, *der Löffel*. Fọ́ọ̀kì jẹ́ abo, *die Gabel*. Ọ̀bẹ kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, *das Messer*. Mo ti lọ ra bírò aláwọ̀ ewé. Ọ̀bẹ ti padà sí yàrá kìíní lẹ́ẹ̀mẹrin.