Kíláàsì sísè ziti al forno ní Naples: ọbẹ̀ tó ti jinná ni wọ́n gbé pàdé mi

Ohun tí wọ́n kọ sórí ìkànnì wọn ni pé àwa fúnra wa la máa se ziti al forno, pásítà tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ àti wàràkàṣì yan nínú ófùnù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi san 75 yúrò, tí mo fi odidi ọ̀sán kan sílẹ̀ fún wọn nínú ìsinmi tí mo gbà wá láti London. A débẹ̀, èmi àti tọkọtìyàwó kan láti Jámánì. A fọwọ́, a wọ épúróònù. Ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí kíláàsì bá ṣí ọmọrí ìkòkò ńlá kan. Ragù, ọbẹ̀ tòmátò ẹlẹ́ran tó ń lọ sínú ziti, ti wà níbẹ̀. Ó ti jinná, ó ti tutù, ọ̀rá ti dì sójú rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ọbẹ̀ tí a máa sè ńkọ́?" Ó ní òun nìyẹn. Mo ní èyí tí ẹ ti sè nìyẹn, èyí tí àwa máa sè ni mò ń bèèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ragù ń pẹ́ lórí iná, àlejò ò lè dúró dè é. Mo fi ohun tí wọ́n kọ hàn án lórí fóònù mi. Kò wò ó. Ó yíjú sí àwọn ará Jámánì, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ wáìnì. Mo tún pè é. Ó ní kí n lọ bá obìnrin tó wà ní àbáwọlé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ni. Mo débẹ̀, obìnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ ìdáná ò kan òun, kí n padà sínú. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ sọ pé "ẹ má bínú" nínú àwọn méjèèjì, ìyẹn ló sì dùn mí jùlọ.

Ẹni tó bá ti din ata rí mọ ìdí tí ara mi fi gbóná. Ìdí iná ni iṣẹ́ wà. Bí kíkan tòmátò ò bá tíì lọ, tí òróró ò tíì léfòó, wàràkàṣì kankan ò lè bò ó mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá wá mú apá yẹn kúrò, kí ni mo sanwó rẹ̀?

Ìyókù kíláàsì dára, mi ò ní purọ́. Ziti wọn wá láti Gragnano, ìlú tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ pásítà rẹ̀ láti 2013. Ó gùn, ó ní ihò nínú, ọwọ́ la sì fi ń ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́. Ẹ má da ẹ̀rún rẹ̀ nù o, ó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki.

Màmá kan wà tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn wa, Nonna, ìyẹn ìyá àgbà, ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn yẹn. Bí mo ṣe ń tú épúróònù, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n dì mí mú lọ́rùn ọwọ́, wọ́n ní kí n wá lọ́la, ní aago méje òwúrọ̀.

Mo lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí iṣẹ́! Wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ yọ́ àlùbọ́sà, wọ́n kó ẹran màlúù àti egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ sí i, wọn ò kánjú. Wáìnì pupa tẹ̀ lé e, ó gbẹ tán kí tòmátò alágolo tó wọlé, èyí tó ki gan-an. Wọ́n din ín títí ó fi dúdú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tòmátò San Marzano lílọ̀. Wọ́n fi orógùn kékeré há ọmọrí kí ooru máa ráyè jáde, wọ́n rẹ iná sílẹ̀ pátápátá.

Ó wà lórí iná báyẹn tí a fi lọ sí ọjà Pignasecca lọ ra wàràkàṣì provola. Mo nawọ́ sí mozzarella, wàràkàṣì tí wọ́n fi wàrà ẹfọ̀n ṣe, wọ́n ní rárá, omi rẹ̀ pọ̀ jù fún inú pánù. Provola náà pàápàá, wọ́n gé e sórí asẹ́ kó ro. Wọ́n bọ ziti dé ìdajì àkókò tí wọ́n kọ sára páálí, torí ófùnù ló máa parí rẹ̀. Wọ́n po ricotta, wàràkàṣì rírọ̀, mọ́ ragù, wọ́n tò ó ní ìpele ìpele pẹ̀lú basilico, ìbátan ẹfinrin wa, wọ́n wọ́n wàràkàṣì Parmigiano sójú. 180°C ni wọ́n fi yan án. Mo fẹ́ gé e bó ṣe jáde, wọ́n gbá mi lọ́wọ́: kó sinmi kó lè gbára jọ. Ata gbígbẹ wà nínú báàgì mi. Mi ò mú un jáde.

Bí mo ṣe ń lọ, ọ̀dọ́kùnrin yẹn tún dé, ó ní kí n san 30 yúrò sí i fún ti òwúrọ̀. Màmá ló dá a lóhùn kí n tó lanu. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò tún dárúkọ owó mọ́.

Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dá ìdajì owó mi padà. Wọn ò tíì fèsì. Máàkì mi: 4 nínú 5, ti Màmá sì ni gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó bóyá ẹ̀yin lẹ máa gbé ọbẹ̀ kaná.