AC àtijọ́ tí wọ́n bá mi fọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bí ẹ̀rọ amúlétutù yín bá ti pẹ́ lára ògiri, tó wá ń fẹ́ atẹ́gùn lásán tí kò tutù, ẹ má tíì san owó gáàsì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ dénú.

Ẹ̀yin náà mọ bí ooru ṣe máa ń mú ní Ìjẹ̀bú kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Eruku ọyẹ́ ṣì wà lára gbogbo nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìnkùlé wa ní Mòlípà kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dín gàrí, èéfín kì í sinmi. AC yàrá mi ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Oníṣẹ́ kan tó wá wò ó lọ́dún tó kọjá kò tilẹ̀ ṣí ojú rẹ̀, gáàsì ló kàn fi kún un, ó gbowó, ó lọ. Gáàsì AC kì í sì í tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù tí wọ́n dì pa ló ti ń yí po. Bó bá dín, a jẹ́ pé ó ń jò níbì kan. Ẹni tó ń fi kún un láì wá ibi tó ti ń jò, owó yín ló ń jẹ.

Ọmọkùnrin tó wá lọ́tẹ̀ yìí ní ìsọ̀ ní ọ̀nà Fọlágbadé. Bírékà ló kọ́kọ́ pa, kò fọkàn tán rìmóòtù. Ó so náílọ́ọ̀nù ńlá mọ́ abẹ́ AC, ó ki ìdí rẹ̀ bọ korobá. Fíltà kò yà mí lẹ́nu, èmi náà máa ń fọ ìyẹn. Àfi ìgbà tó yọ fáànù gígùn tó wà nínú lọ́hùn-ún! Ìdọ̀tí ti dí àárín ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ti gan mọ́ ọn, ó ń yọ̀. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ó ń bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Omi tó dà sínú korobá dúdú bí aró.

“Mà, gáàsì yín ò lọ síbì kankan,” ló sọ. “Atẹ́gùn ni ò ráyè kọjá.”

Àwọn páìpù tútù tó wà lẹ́yìn fíltà ló ń gba ooru yàrá. Bí eruku bá bò wọ́n, afẹ́fẹ́ kò ní kàn wọ́n mọ́; wọ́n lè di yìnyín kí yàrá ṣì máa gbóná. Apá AC tó wà níta ló ń tú ooru náà dànù. Ọmọkùnrin náà kò gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò sí i, torí agbára omi rẹ̀ máa ń tẹ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ibẹ̀ wọ́. Kò lo ásíìdì náà, ọṣẹ olómi ló pò. Ó fẹ́ páìpù tí omi ń gbà jáde, ìdọ̀tí kan tó ń yọ̀ múlọ́múlọ́ sì já bọ́. Omi tó ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì mi dáwọ́ dúró.

Ìgbà tó tò ó padà tán ló tó so gééjì tí wọ́n fi ń wo bí gáàsì ṣe pọ̀ tó mọ́ ọn. Gáàsì pé. R22 ni, ọ̀kan lára àwọn gáàsì àtijọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lábẹ́ Àdéhùn Montreal láti mú kúrò nílẹ̀ torí wọ́n ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ààbò ojú ọ̀run tó ń dín ìtànṣán oòrùn kù. Wọn kì í sì í da R410A, gáàsì AC mìíràn, lù ú.

₦15,000 ni mo san. Ariwo rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, òórùn aṣọ tútù tó máa ń bá atẹ́gùn jáde kò sí mọ́, mo sì ń fi sí 24 báyìí, kì í ṣe 16.

Ohun tí mi ò fẹ́: aago mẹ́sàn-án ló dá, ọ̀sán gangan ló yọjú. Kò ní àkàbà, a lọ yá ti aládùúgbò. Omi ta sí ògiri, èmi ni mo nù ún. Fífọ̀ kò sì lè tún iná tó rọ̀ ṣe o. Bí iná bá fà wálẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí po, ṣì máa ń kọ̀ láti gbéra.

Ó wo ti pálọ̀ náà, ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀ dénú, ó ní kí n má wulẹ̀ náwó lé e. Ó lè gbowó ọ̀hún, kò gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ ṣe é kí Iléyá tó sún mọ́lé. Bí àwọn ará Èkó bá ti ń wálé wá ṣe Ojúde Ọba, ẹ ò ní rí oníṣẹ́ AC kankan mú. Kí ẹ sì wá àkàbà sílẹ̀.