Táyà "tuntun" tí mo rà ní Ṣágámù ti lé ní ọdún méje

Ọwọ́ fọkanáísà ni mo wà ní Ìperu lọ́jọ́ náà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó fẹ́ bá mi de táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà mi tí mo rà ní ₦22,000 láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ló bá dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan." Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: 1417. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìparí 2024 la wà nígbà náà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun yí nọ́ńbà náà po, ó wá tẹ táyà náà kó lè ṣẹ́ kọ. Ìlà tín-ín-rín bí irun sán káàkiri ìdí eyín rẹ̀, bí ilẹ̀ àbàtà lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀.

Inú bí mi gan-an ni. Búrẹ́dì ni mò ń gbé, láti Ṣágámù dé Ìperu, Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nẹ́. Táyà ẹ̀yìn ló máa ń tètè jẹ, torí òun ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òun náà lẹrù jókòó lé. Èyí tí mo yọ ṣe oṣù mẹ́sàn-án. Róbà kékeré kan wà ní ìdábùú nínú kòtò eyín táyà. Bí eyín bá ti jẹ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ó tán nìyẹn. Tèmi ti dé ibẹ̀, ọ̀kadà sì ti yọ̀ mọ́ mi lábẹ́ nígbà tí mo tẹ bíréèkì nínú òjò. Ìdí tí mo ṣe lọ ra òmíràn nìyẹn. Táyà tó ti gbó nílé ìtajà ló burú jù, torí eyín rẹ̀ pé, ojú ò lè tètè mọ̀ ọ́n. Róbà rẹ̀ ti le, kì í sì di ọ̀dà mú nínú omi. Bí táyà bá ti pé ọdún márùn-ún, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bó bá pé mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, bí ẹ ò tilẹ̀ lò ó rí.

Mo gbé e padà. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì kan ilẹ̀ rí, tuntun ni." Mo fi nọ́ńbà hàn án, ó ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ lásán ni. Ó ní ọjà tó bá ti kúrò níbẹ̀, àwọn kì í gbà á padà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo ní mi ò lọ ibì kankan. Ó tó wákàtí kan. Kò tilẹ̀ wo ojú mi mọ́, fóònù ló ń tẹ̀.

Ìgbà tí màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti mọ́ṣáláṣí dé ni nǹkan yí padà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n fi ìborùn nù ún, wọ́n kà á sókè: "Ọ̀kan, mẹ́rin, ọ̀kan, méje." Wọ́n yíjú sí ọmọkùnrin náà: "Ta ló kó èyí síwájú?" Kò fèsì. "Ọmọ mi, má bínú. Wọlé, fọwọ́ ara ẹ yàn."

Àwọn fúnra wọn ń yí táyà jáde nínú òkùnkùn yàrá ẹ̀yìn, èmi ń ka nọ́ńbà, títí a fi rí 3923. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e. Wọ́n tún fún mi ní túùbù tuntun, wọ́n ní túùbù tó ti fẹ̀ nínú táyà àtijọ́ máa ń ṣẹ́po nínú tuntun. Òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, ọ̀kadà mi ń di ilẹ̀ mú pinpin, kódà ní kọ́nà tó máa ń dẹ́rù bà mí. Mi ò tíì pàdé ọlọ́jà tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ṣì ń gbé táyà kọ́ síta nínú oòrùn gangan, ohun tó ń tètè pa róbà. Èyí tó wà níwájú pátápátá ní àmì ṣọ́ọ̀kì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ní màmá ò sí nílé. Mo ní màá padà wá, wọn á gbọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.