Pọ́tì tàbí súpà gúlù: èwo ló yẹ kó dí ojú àmúpọ̀ kí ọ̀dà tó kàn án?

Ẹ̀yin tí ẹ ń to ọkọ̀ òfurufú kékeré oníke bíi tèmi, ẹ mọ̀ pé ojú àmúpọ̀ (ìlà ibi tí ike méjì ti pàdé) tí a kò dí dáadáa kì í fara pamọ́ lábẹ́ ọ̀dà. Mo ti lo méjèèjì nílé mi ní Sùúrùlérè, mi ò ní fi bò: gúlù ni mo fẹ́ràn jù.

Pọ́tì (ohun tí a fi ń dí àlàfo) rọ̀, ó rọrùn láti ha. Àbùkù rẹ̀ ni pé bó ṣe ń gbẹ ló ń súnkì. Èyí tó tẹ́jú lálẹ́ lè ti jìn wọnú kílẹ̀ tó mọ́.

Gúlù kì í súnkì. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le, kì í sì í pẹ́ rárá l'Ékòó wa yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sílẹ̀ sùn o! Tó bá di ọjọ́ kejì, á le ju ike lọ. Sáńpépà á máa jẹ ike tó yí i ká, gúlù á wá yọ gegele. Ẹ ha á láàárín wákàtí kan: sáńpépà nọ́ńbà 400, lẹ́yìn náà 600, kí ẹ fi 1000 tí ẹ rì sómi parí rẹ̀.

Gúlù mọ́ gaara, ó máa ń tan ojú jẹ. Nítorí náà, ẹ fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun nídìí ìyẹ́. Irú ìyẹn nìkan ni mo ṣì ń fi pọ́tì dí.