Ìtẹ́ òkú Highgate ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹ má kàn ya fọ́tò Marx kẹ́ẹ máa lọ

Kí n tètè sọ ọ́, owó tí mo san ò dùn mí rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọ ìtẹ́ òkú, mo ní ta ló ń fowó wo sàréè, ṣé orí mi dàrú ni, àmọ́ mo lọ ṣá, mo dẹ̀ lo bíi wákàtí mẹ́ta, ẹsẹ̀ ń ro mí, mi ò tíì fẹ́ lọ.

Títì kan tó ń jẹ́ Swain's Lane ló là á sí méjì, West lápá kan, East lápá kejì. East ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ, torí sàréè Karl Marx, bàbá tó kọ̀wé lórí ètò kọ́múníísì. Ère orí ńlá, irùngbọ̀n yẹ́úkẹ́, gbogbo wọn ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá yẹn kú ní 1883, kọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sin ín sí, inú sàréè ìyàwó ẹ̀, àwọn tó wá sin ín ò tó ogún. 1954 ni wọ́n gbé e wá síbi tó wà yìí, 1956 ni wọ́n ṣí ère yẹn. Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ẹ wò wà lápá òsì ẹ̀, òkúta kékeré báyìí tẹ́nì kankan ò dá sí: Claudia Jones, ọmọ Trinidad. Amẹ́ríkà ló lé e nílùú torí pé ó jẹ́ kọ́múníísì, ló bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ó dá ìwé ìròyìn àwọn ará West Indies sílẹ̀ ní 1958, nígbà tó di January 1959 ó ṣe carnival, ìyẹn àríyá orin àti ijó, nínú gbọ̀ngàn, nínú òtútù, ara ibi tí carnival Notting Hill tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún ti ṣẹ̀ wá nìyẹn. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

West gan-an lẹ ó ti jẹ owó yín. Ìtàn ẹ̀ ni pé èrò pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé wọ́n ń sin òkú lórí òkú, òórùn ń pa àwọn alààyè, ni ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ káwọn oníléeṣẹ́ dá ìtẹ́ òkú sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Méje ni àwọn ńlá yẹn, 1839 ni Highgate ṣí. Òwò ni o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa! Wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà bíi ti àwọn Fáráò kí olówó lè ra sàréè, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yí igi kédárì kan ká, wọ́n wá kọ́ iyàrá òkú yí i po. Igi yẹn ti wà kí ìtẹ́ òkú tó dé, ó ṣàìsàn, wọ́n gé e ní 2019, wọ́n ti gbin òmíì.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé East, wọn ò fẹ́ kí pósí kúrò lórí ilẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù ti yà sí mímọ́, ni wọ́n bá gbẹ́ ihò abẹ́ títì, ẹ̀rọ tó ń fi agbára omi ṣiṣẹ́ á wá sọ pósí kalẹ̀ láti inú ṣápẹ́ẹ̀lì tó wà ní West. Ẹ gbà mí!

Gáìdì wa sọ ti Elizabeth Siddal náà, obìnrin táwọn ayàwòrán máa ń yà. Nígbà tó kú ní 1862, ọkọ ẹ̀, Rossetti, akéwì tó tún jẹ́ ayàwòrán, ki ìwé ewì tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ sínú pósí torí ìfẹ́, ọdún méje lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n hú u lóru kóun lè rí ewì òun gbà padà. Ìfẹ́ tán. Ajá tó ń jẹ́ Lion sùn sórí sàréè Tom Sayers abẹ̀ṣẹ́, kìnnìún tó ń jẹ́ Nero sùn sórí ti Wombwell tó ń kó ẹranko kiri, òkúta làwọn méjèèjì.

Nígbà tó yá owó tán lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́, igi bo ibi gbogbo, 1975 làwọn kan kóra jọ láti gbà á là. Wọn ò gé gbogbo igi yẹn o, ìyẹn ló jẹ́ kó rí bó ṣe rí, gbòǹgbò ń ṣí òkúta, ewé ń bo orúkọ.

Ẹ wọ bàtà gidi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibẹ̀, ó dẹ̀ ń yọ̀ tójò bá rọ̀. Bàtà funfun ni èmi wọ̀, ẹ̀bi mi ni. Ẹ rọra sọ̀rọ̀ náà, wọ́n ṣì ń sin èèyàn síbẹ̀, mo rí ìdílé kan tó gbé òdòdó dání, ojú ti gbogbo wa, a kó fóònù sápò.

Márùn-ún nínú márùn-ún fún West, mẹ́ta fún East, torí Claudia àti torí sàréè Patrick Caulfield, oníṣẹ́ ọnà tó fúnra ẹ̀ ya òkúta tí wọ́n máa gbé síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n gbẹ́ já lára ẹ̀: D, E, A, D. Ọmọdé kan ń kà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi ìyá ẹ̀ pé ṣé orúkọ bàbá yẹn nìyẹn, ìyá ẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ.