Ọjà àdìrẹ Ìtòkú: ibi tí a ti ń ra aṣọ tuntun, tí a sì ti ń sọ ti àtijọ́ dọ̀tun

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí ó yẹ kí òun máa ra aṣọ tuntun láàárín ọdún, mo rò pé irú aṣọ tí ó ń rà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò. Aṣọ tí kò ní pẹ́ ṣá, tí yóò fẹ̀ lọ́rùn, tí yóò sì ya lábíyá kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ọjà ni yóò máa dá ẹni tí ó ni ín padà sí ṣáá. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fi ń wo gbogbo ọjà aṣọ tí mo bá wọ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ fi yẹ ọjà àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta wò, níbi tí mo ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú aṣọ mi.

Ìtòkú kò jìnnà sí Òkè Olúmọ. Àwọn tí ń ta ewé àti egbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá aṣọ wá kò ní pẹ́ rí ohun tí ó ń wá, nítorí ìsọ̀ àdìrẹ tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n sì fi aṣọ kọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Kọ́tìnnì wà, bùrọ́kéèdì wà, ṣífọ́ọ̀nù àti síìkì náà wà. Yáàdì márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ká a sí, tí ó tó ìró àti bùbá fún obìnrin. Àwọn mìíràn a máa ta bùbá àti ṣòkòtò tí a ti rán sílẹ̀, àmọ́ èmi kì í ra ìyẹn, nítorí mo fẹ́ kí aṣọ gba ọwọ́ télọ̀ tí ó mọ ìwọ̀n mi.

Ohun tí ó yẹ kí oníbàárà mọ̀ kí ó tó yọ owó ni pé kì í ṣe gbogbo aṣọ tí ó ní àwòrán àdìrẹ lára ni aláró fọwọ́ kàn. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá jù lọ ní Ṣáínà, ti bá èyí tí a fọwọ́ ṣe dọ́gba lórí àtẹ, ó sì rọjú jù ú lọ. Mo máa ń yí ẹ̀yìn aṣọ síta kí n tó béèrè iye rẹ̀. Àdìrẹ tí a rẹ sínú aró a máa ní àwọ̀ níwájú àti lẹ́yìn bákan náà, nítorí pé aró ti gba inú òwú kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ a máa ṣá ju iwájú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹjú mọ́ àwòrán rẹ̀. Bí òṣùpá kan nínú àwòrán náà bá fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ, tí àbẹ́là tí wọ́n yọ́ sára aṣọ láti dí aró sì ti sán níbì kan, tí aró gba ojú ibẹ̀ wọlé ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Bí gbogbo òṣùpá bá bá ara wọn dọ́gba láìyẹ̀ rárá, ẹ̀rọ ni. Mo tún máa ń fa òwú kan yọ létí aṣọ kí n sì ṣáná sí i, lẹ́yìn tí mo bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ aláṣọ. Òwú gidi a jó di eérú, ṣùgbọ́n pọliẹ́sítà a yọ́, a sì kóra jọ di kókó líle. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti jọ lọ, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn níwájú.

Àríyànjiyàn lórí ojúlówó aró ti pẹ́ ní ìlú náà. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì wà lórí oyè Aláké, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àdìrẹ Abẹ́òkúta kì í tọ́jọ́ mọ́, wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru kọ́sítíìkì sódà, èròjà tí àwọn aláró ń lò dípò omi eérú, àti aró òyìnbó. Kábíyèsí fòfin de méjèèjì, àwọn obìnrin aláró sì tako òfin náà gidigidi, nítorí pé ohun èlò wọ̀nyí ni ó mú iṣẹ́ wọn yá. Lónìí, kọ́sítíìkì ti di ohun tí gbogbo ayé ń lò, àwọn tí ó ṣì ń fi ewé èlú àti omi eérú ṣe aró nínú ìkòkò kò sì pọ̀ mọ́. Èrò tèmi ni pé àìmọ ìwọ̀n tí a fi ń po aró àti àìfi omi ṣan aṣọ dáadáa ni ó ń ba aṣọ jẹ́ ju ohun èlò lọ. Ẹ fi aṣọ ìnujú funfun tí ẹ rẹ sómi nu igun aṣọ kí ẹ tó rà á. Bí ó bá yọ díẹ̀, kò burú. Bí ìnujú náà bá dúdú kíríkírí, wọn kò ṣan aṣọ náà dáadáa.

Ní ti owó, ìdúnàádúrà ni, kò sí iye tí wọ́n kọ sára aṣọ. Ìyá tí mo rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn pe yáàdì márùn-ún kọ́tìnnì ní ₦15,000. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ó rọ̀ mí lọ́rùn, wọ́n sì fèsì pé, “Aǹtí mi, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò ná, kí ẹ tó dá owó lé e.” Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mọ ohun tí òun ń tà. A fẹnu kò sí ₦12,000. Kí a má gbàgbé pé owó télọ̀ a máa tó owó aṣọ, nígbà mìíràn a tilẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà aṣọ tí kò ní lálòpẹ́ ti náni lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ó mú mi fi Ìtòkú ṣáájú àwọn ọjà mìíràn ni pé aláró kò jìnnà sí aláṣọ. Láyé àtijọ́, aṣọ tí ó ti ṣá ni àwọn ìyá wa máa ń kó lọ bá aláró pé kí ó bá wọn tún un rẹ, títí di òní sì ni àwọn aláró kan ṣì ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kó ìró àti bùbá kan tí oòrùn ti pa léjìká àti lójú ìlà tí a fi ká a lọ bá ọ̀kan nínú wọn. Ó fọwọ́ ra aṣọ náà, ó bi mí bóyá kọ́tìnnì ni látòkè délẹ̀, ó sì rẹ ẹ́ sínú omi lásán ná, kí aró lè gbà á dọ́gba. Nígbà tí ó fa aṣọ náà jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ni ó ní, kò sì pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti etí wá sí àárín. Àwòrán tí ó funfun tẹ́lẹ̀ wá di àyìnrín, ilẹ̀ rẹ̀ sì dúdú ju ti ìgbà tí mo rà á lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó tí ó gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó aṣọ tuntun, kò sì sí owó télọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun kan wà tí aró kò lè ṣe. Òwú tí télọ̀ fi rán bùbá náà, pọliẹ́sítà ni, kò sì gba aró rárá, ó wá hàn ketekete lójú rírán gbogbo. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ óò tún aṣọ náà rẹ sínú aró lọ́jọ́ iwájú, ẹ ra òwú kọ́tìnnì fún télọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì sọ fún un kí ó má ṣe fi gọ́ọ̀mù sí ọrùn rẹ̀, torí omi gbígbóná a máa tú u.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni ó yẹ kí a ra tuntun? Lójú àwọn òbí wa, ọdún ni ó ń pinnu: Iléyá fún Mùsùlùmí, Kérésìmesì fún Kristẹni. Mo ṣì gbà pé ìṣirò náà dára, pé aṣọ gidi kan tàbí méjì lọ́dún tó fún ẹni tí ó bá ń tún ti àtijọ́ ṣe. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, aṣọ tí ó ti bá ni lálejò púpọ̀ sì yẹ kí a bu ọlá fún. Ohun tí ń da ìṣirò yìí rú ni aṣọ ẹbí, tí a ń rà ní Sátidé kan, tí a ń ká pamọ́ ní Sátidé kejì. Èmi kò lòdì sí i, nítorí ọ̀nà kan ni láti dúró ti ẹni ẹni, ṣùgbọ́n ó wù mí kí àwọn olóde máa mú àdìrẹ, èyí tí a lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lẹ́yìn òde.

Kí ẹ tó pinnu pé aṣọ ti tó pààrọ̀, ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ibi ìjókòó rẹ̀ bá fẹ́lẹ́ ju etí rẹ̀ lọ, òwú rẹ̀ ti ń jẹ, aró kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Bí ó bá nípọn bákan náà níbi gbogbo, àwọ̀ lásán ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ìtòkú, ẹ lọ láàárọ̀ kí ojú oòrùn lè jẹ́ kí ẹ rí àwọ̀ dáadáa, ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá, nígbà tí àwọn ará Ìjẹ̀bú náà ń múra sílẹ̀ fún Òjúde Ọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ó ra gbogbo yáàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kan, nítorí aró tí wọ́n bá pò lọ́la kì í bá ti òní mu tán.